Kọ́ọ̀bù nǹkan oṣù àbí támpọ́ọ̀nù: èwo ló bá àpò wa àti bálùwẹ̀ wa mu ní Ìlọrin?

Owó páàdì ti kúrò ní nǹkan téèyàn ń yọ látinú ṣéńjì ọjà. Páàkì páàdì kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 400 náírà nígbà kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pùròfíṣọ̀n ní Ìpàta àti Ọjà Ọba, ó ti lé ní 1,000 báyìí, ẹni tó wá ní ọmọbìnrin mẹ́ta tó ti bàlágà nínú ilé, tí òun fúnra ẹ̀ náà ṣì ń rí nǹkan oṣù ẹ̀, ẹ bá mi ṣírò iye tíyẹn ń ná. Ohun tó fà á ò pamọ́. June 2023 ni ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà lọ, dọ́là sì fò sókè, nígbà tó di December ọdún yẹn Procter & Gamble tó ni Always kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, kíkó wọlé làwọn á máa kó o. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó o wọlé, àwa la ń san án padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀bù nǹkan oṣù, ife kékeré tí wọ́n ń wọ̀ fi gba ẹ̀jẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Lórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, ní Màlété, títí dé Ọ̀fà, wọ́n ń polówó ẹ̀: ra ẹyọ kan, lò ó fún ọdún mẹ́wàá. Ẹlòmíì á ní rárá, támpọ́ọ̀nù lòun ń lò nígbà tóun wà lókè òkun, òun ló rọrùn jù. Àwọn ìyá wa á ní àwọn ò fẹ́ ọ̀kankan, torí méjèèjì ló ń wọ ojú ara. Kò sẹ́ni tí ò ní ohun tó rí nínú wọn. Èrò tèmi ni pé kọ́ọ̀bù ló bá àpò wa mu jù, ó sì bá ilẹ̀ wa mu ju támpọ́ọ̀nù lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé lèèyàn ti lè lò ó bó ṣe yẹ, ẹni tó bá sì tà á fún yín tí ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ìdajì ọjà ló tà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Támpọ́ọ̀nù, òwú tí wọ́n fún pọ̀ ni, nígbà míì wọ́n á fi rayon, irú okùn aṣọ kan, sí i, okùn kékeré wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á jáde. Inú ojú ara ló ń wà, ibẹ̀ ló ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Earle Haas, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú tá a mọ̀ lónìí ní 1933, ilé iṣẹ́ Tampax sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1936. Ó ní oríṣiríṣi agbára: èyí tí wọ́n kọ regular sí lára máa ń gba ẹ̀jẹ̀ giráàmù 6 sí 9, super ń gba 9 sí 12. Láàárín wákàtí 4 sí 8 lèèyàn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá 8, tẹ́ ẹ bá sì ti yọ ọ́, ó di ìdọ̀tí nìyẹn.

Kọ́ọ̀bù kì í fa ẹ̀jẹ̀ mu, ṣe ló ń gbà á dúró. Sílíkóònù rírọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ẹnu ẹ̀ fẹ̀, ìdí ẹ̀ ṣóńṣó, ìrù kékeré wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ máa ká a kó tó wọlé, tó bá dé inú á ṣí, á lẹ̀ mọ́ ara yíká, ẹ̀jẹ̀ á wá máa kán sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gba 20 sí 30 ml. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń sọ pé ó lè wà lára tó wákàtí 12, pé ẹyọ kan sì lè lò tó ọdún 10 téèyàn bá tọ́jú ẹ̀. Ẹ má rò pé àná ni wọ́n dá a o, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Leona Chalmers ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ láti 1937, bíi ẹgbẹ́ ni òun àti támpọ́ọ̀nù. Rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà yẹn, ogun àgbáyé kejì wá sọ rọ́bà di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà yẹn ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ara wọn, bí támpọ́ọ̀nù ṣe gba ọjà lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá gbọ́ 20 sí 30 ml á ní ṣé ìyẹn lè tó. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí látìbẹ̀rẹ̀ títí nǹkan oṣù fi parí ò ju bíi 30 sí 40 ml lọ, tó bá ti kọjá 80, àwọn dókítà á ní ó ti pọ̀ jù. Ojú páàdì ló ń jẹ́ kó dà bíi pé odò ń ṣàn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára kọ́ọ̀bù nìyí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìlà iye lára, ẹ máa fi ojú yín rí iye tó jáde lára yín. Fibroid pọ̀ lára àwa obìnrin dúdú, obìnrin á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ gidi fún ọdún bíi mélòó kan, á máa rẹ̀ ẹ́, á máa sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀, kò sì mọ iye tó ń pàdánù lóṣù. Tẹ́ ẹ bá lè dé iwájú dókítà ní UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, tàbí ní Jẹ́nẹ́rà kẹ́ ẹ sọ pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ́ọ̀bù mi ń kún láàárín wákàtí méjì fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún un ju "ẹ̀jẹ̀ mi ń pọ̀" lọ.

Ká wá sọ ti owó. Támpọ́ọ̀nù mẹ́rin lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, 20 nìyẹn lóṣù, 240 lọ́dún, gbogbo ẹ̀ ló máa di ìdọ̀tí. Kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù lẹ ti máa rí i, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì àti ilé oògùn ńlá ní Ìlọrin lẹ máa wá a lọ, tẹ́ ẹ bá wà ní ìlú kékeré lápá Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà, nǹkan oṣù lè parí kẹ́ ẹ tó rí i rà. Ti kọ́ọ̀bù, ká ní páàkì páàdì méjì lẹ̀ ń rà lóṣù ní 1,200 páàkì kan, 2,400 nìyẹn, 28,800 lọ́dún. Ká ní kọ́ọ̀bù jẹ́ 10,000, tó bá fi máa di oṣù karùn-ún owó ẹ̀ ti padà sápò yín. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà ò sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń rí 1,200 yọ lọ́sẹ̀ yìí, tó ń rí 1,200 mìíì yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò, owó yẹn ni ò sí lójú kan. Àwọn obìnrin tó ń dá àjọ lè fi ṣe ohun tí wọ́n á jọ máa rà fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ra ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí kì í ṣe kékeré níbí. Ẹ wo àkìtàn, ẹ wo gọ́tà lẹ́yìn òjò, páàdì ni. Ajá á fà á jáde látinú ọ̀rá, á tú u sójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n jù sí ṣáláńgá kì í jẹrà, á máa kún un. Támpọ́ọ̀nù kéré sí páàdì lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ káwọn èèyàn rò pé àwọn lè jù ú sínú wọ́tà sísítẹ́ẹ̀mù kí wọ́n fọmi gbá a lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, òwú yẹn ń wú nínú omi, á dí páìpù, ẹ̀ ń pe púlọ́ńbà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ látilé pé ká sun páàdì wa tàbí ká fọ ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ dànù ká tó jù ú, kí ẹlòmíì má bàa mú un lọ ṣe nǹkan. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ìbẹ̀rù yẹn wà, àwọn ìyá wa ò sì fi ṣeré. Ohun tí mo mọ̀ ni pé téèyàn bá ń lo kọ́ọ̀bù, inú ilé ìgbẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń dà sí, á da omi lé e, ó tán. Kò sí nǹkan tí ajá máa fà, kò sí nǹkan tẹ́nì kan máa ṣà, kò sí sísun ọ̀rá lẹ́yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé tí wọ́n ń ṣe láti òkè òkun kì í dé. Kọ́ọ̀bù fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ àti kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, ó fẹ́ kẹ́ ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá da ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ sì sè é nínú omi tó ń hó fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí nǹkan oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Ìwọ̀n omi yẹn ò pọ̀, omi bútà kan tó fún ọwọ́ àti kọ́ọ̀bù, ohun tó le ni kí omi yẹn mọ́ kó sì wà nítòsí yín ní ibi tí ilẹ̀kùn ti lè tì. Ẹni tó wà nílé tó ní báàfù tiẹ̀, tó ní bọ́hó tó ń ṣiṣẹ́, kò ní ìṣòro kankan. Ọmọ tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Òkè-Odò, tí yàrá mẹ́wàá ń pín báàfù kan, tí mẹ́ruwà ń já omi wá, tó jẹ́ pé ẹni tó wà níta ti ń kan ilẹ̀kùn, ó ní láti ronú ẹ̀ dáadáa. Ó lè gbé pure water kan wọlé, kó fi ṣan án, ó ṣeé ṣe. Ti sísè yẹn náà, ó yẹ kó ní ìkòkò kékeré tiẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fi se indomie. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè rí omi tó mọ́ àti ọṣẹ lójoojúmọ́ yẹn, ẹ fi kọ́ọ̀bù sílẹ̀ ná, ẹ máa lo páàdì yín, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Támpọ́ọ̀nù náà fẹ́ ọwọ́ tó mọ́ o, kì í ṣe pé òun lẹ lè fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ka owó wọ̀, àmọ́ òun ò fẹ́ fífọ̀ àti sísè, ẹ̀ ń yọ ọ́ tuntun látinú ọ̀rá ni. Fún ẹni tó fẹ́ wẹ̀ nínú odò ìwẹ̀, tàbí tó wà lẹ́nu ìrìn àjò ọjọ́ méjì níbi tí omi ò dá a lójú, támpọ́ọ̀nù wúlò. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Abuja lẹ máa wọ̀ láti Ìlọrin, tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò síbi tẹ́ ẹ ti lè dúró, kọ́ọ̀bù ló máa gbà yín nítorí wákàtí tó lè lò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní toxic shock syndrome, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus ló ń fà á, ó máa ń wà lára wa àti nínú imú wa láìṣe nǹkan kan, àmọ́ tó bá ráyè pọ̀ nínú ojú ara níbi tí nǹkan ti dúró pẹ́, irú kan nínú ẹ̀ lè máa tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1980 ni gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́ orúkọ ẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin tó ń lo támpọ́ọ̀nù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, àwọn kan sì kú, ni wọ́n bá kó èyí tó ń jẹ́ Rely kúrò lọ́jà. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé kéèyàn lo èyí tó kéré jù tó lè gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kó má sì sun pẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Àrùn yìí ò wọ́pọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ jọ ibà: ara gbígbóná lójijì, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì, kí ara wá pọ́n bíi pé oòrùn sun ún. Níbí, ẹni tó bá ní ara gbígbóná pẹ̀lú èébì, oògùn ibà ni wọ́n á kọ́kọ́ rà fún un ní kẹ́mísì, wọ́n á ní tó bá di ọ̀la kò tíì lọ, ó lè jẹ́ taifọ́ọ̀dù. Àrùn yìí kì í dúró dọ̀la. Tẹ́ ẹ bá ń lo támpọ́ọ̀nù tàbí kọ́ọ̀bù tí irú nǹkan yìí bá mú yín, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ọsibítù lọ, kẹ́ ẹ sì fẹnu yín sọ fún nọ́ọ̀sì pé ohun tó wà lára yín nìyí, ẹ má tijú, torí kò sí bó ṣe máa mọ̀.

Kọ́ọ̀bù náà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Àwọn oníwàádìí ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé fi hàn ní 2018 pé kòkòrò yẹn lè lẹ̀ mọ́ ara kọ́ọ̀bù, pé fífi omi ṣan án nìkan ò tó láti mú un kúrò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ sísè. Àkójọ ìwádìí tó tóbi jù tí mo mọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Public Health ní 2019, ìwádìí 43 tí èèyàn 3,319 wà nínú ẹ̀ ni wọ́n kó jọ, èèyàn márùn-ún ni wọ́n rí ìròyìn pé àrùn yẹn mú pẹ̀lú kọ́ọ̀bù. Wọ́n rí i pé kọ́ọ̀bù kì í jò ju páàdì tàbí támpọ́ọ̀nù lọ, pé nínú èèyàn mẹ́wàá bíi méje ló fẹ́ máa lò ó lọ, àti pé kò mọ́ èèyàn lára lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè gbà tó oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ mìíì tó ń lọ káàkiri ni pé òjé wà nínú támpọ́ọ̀nù. Òótọ́ ni pé àwọn oníwàádìí ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà gbé e jáde ní 2024, támpọ́ọ̀nù 30 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí òjé àti arsenic, tó jẹ́ májèlé, díẹ̀díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé ó ti wọ ara ẹnikẹ́ni. Ẹ má torí ẹ̀ sá.

Nípa kíkọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ní Siaya, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, wà lára àwọn tí wọ́n fún ní kọ́ọ̀bù nínú ìwádìí, àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́ wọn, wọ́n sì lò ó ní abúlé tí omi ẹ̀rọ ò ti dájú. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí ọmọ tiwa ò lè ṣe. Ẹ jẹ́ kó lóṣòó, kó fi omi rin ẹnu kọ́ọ̀bù, kó ká a, kó tì í sẹ́yìn dípò òkè, kó má sì yára. Ibi yíyọ ẹ̀ lèèyàn ti ń ṣe ara ẹ̀ léṣe: ìrù yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fà tipátipá, ẹ fi ìka méjì fún ìdí ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kó tú, kẹ́ ẹ tó rọra mú un bọ̀. Ẹni tó ní lúùpù ìfètòsọ́mọbíbí nínú, kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì tó fi sí i, torí kọ́ọ̀bù ti fa lúùpù àwọn kan jáde rí. Ìyá ọlọ́mọ tuntun, páàdì nìkan ni fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ, àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí ojú ọgbẹ́ yẹn sì há, ó lè dùn wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì obìnrin wò ó kí wọ́n tó ra ohunkóhun.

Ẹ̀yin ìyá, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ìbálé. Awọ tó wà lẹ́nu ojú ara, ihò ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan oṣù ń gbà jáde, támpọ́ọ̀nù tàbí kọ́ọ̀bù lè nà án, ó lè ya á díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ eré ìdárayá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò tiẹ̀ bí i mọ́ wọn dáadáa. Àjọ WHO pẹ̀lú àwọn àjọ míì ní UN ti sọ ní October 2018 pé kò sí àyẹ̀wò tó lè fi awọ yẹn mọ ẹni tó ti bá ọkùnrin sùn. Tó bá ṣì ń kọ yín lóminú fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹ jẹ́ kó máa lo páàdì tàbí èyí aláṣọ tí wọ́n ń fọ̀, kó dàgbà kó wá yàn fúnra ẹ̀. Fún àwa Mùsùlùmí, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú kọ́ọ̀bù, háìlà (ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù) náà ni, bí aṣọ bá mọ́ tónítóní kò sọ pé ìrun ti padà, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá nìwẹ̀ ń bẹ, ẹni tó bá sì ní ìbéèrè tó jùyẹn lọ kó bi ààfáà obìnrin tó sún mọ́ ọn.

Òfin owó orí tó jáde nínú Finance Act 2019 yọ VAT kúrò lórí páàdì àti támpọ́ọ̀nù tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ yìí, kò dárúkọ kọ́ọ̀bù. 28 May ọdọọdún, tó jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó nǹkan oṣù lágbàáyé, àwọn èèyàn máa ń gbé páàdì lọ sílé ìwé, wọ́n á ya fọ́tò, páàdì yẹn á tán lóṣù kan. Ní Alappuzha ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, ìjọba ìbílẹ̀ pín kọ́ọ̀bù 5,000 fún àwọn obìnrin ní 2019, wọ́n sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní Kwara, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ obìnrin àti àwọn nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ lò ó, kó ra ìkòkò kékeré mọ́ kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kó sì tún ẹ̀rọ omi àti ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ ilé ìwé yẹn ṣe kó tó pín ẹyọ kan.